Bí a ṣe ń yan réènì gáàdì fún píkọ́ọ̀pù, àti bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ tí kò fi ní ṣí lójú títì

Oṣù kẹfà ni, ìgbà tí òjò Ìbàdàn kì í wojú ẹnikẹ́ni. Mo lọ gbé ìyá mi ní Mọ́níyà, mo ń gbé wọn bọ̀ nílé mi ní Challenge. Ìyá mi kò fẹ́ràn AC rárá. Bí mo bá ti tàn án, wọ́n á ní òtútù ń wọ eegun àwọn, orúnkún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Mo pa AC, mo sì gbé gbogbo gíláàsì gòkè kí òjò má baà pa wọ́n. Kí á tó dé Òjóò, èémí àwa méjèèjì ti bo gíláàsì iwájú, ó funfun bí ẹni da omi ògì sí i. Ọwọ́ mi kan wà lórí sítíárì, ìkejì ń fi àkísà nu gíláàsì. Bí a ṣe dé ẹ̀bá géètì Yunifásítì, ọlọ́kadà kan tó gbé obìnrin àti ọmọ ọwọ́ yà sí iwájú mi. Iná ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo tẹ búréèkì, ọkọ̀ yọ̀, ó sì dúró nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó kàn án.

Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí bí a ṣe lè ṣí fèrèsé yìí díẹ̀ tí òjò ò ní wọlé ni?"

Ó wà. Réènì gáàdì ni àwọn tó ń ta sípéà páàtì ń pè é. Pílásítíìkì pẹlẹbẹ tó tẹ̀ díẹ̀ ni, òkè fèrèsé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni a sì ń fi í sí. Iṣẹ́ tí etí páànù ń ṣe fún ògiri ilé ni ó ń ṣe fún fèrèsé: omi òjò á gba orí rẹ̀ já sílẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn á máa fa èémí gbígbóná inú ọkọ̀ jáde, gíláàsì iwájú á sì mọ́. Lóòótọ́, AC ló ń yára pa ìkùukùu gíláàsì jù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí a fi ń ṣiṣẹ́ ni AC wọn ti kú, ara ẹlòmíràn kò sì gbà á bíi ti ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ ra àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ń bá ẹni tó tà á fún mi ṣiṣẹ́ ló lẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, láàárín òjò méjì. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi nu ilẹ̀kùn, ó bó awọ téèpù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mọ́ ọn, ó ní, "Ó ti parí, ọ̀gá." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, lórí títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ti ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣí, ó fò lọ. Mo rí i nínú dígí bí ó ṣe ń yí bírí nínú afẹ́fẹ́, tí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi sì yà bàrá nítorí rẹ̀. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Nígbà tí mo délé, mo fa mẹ́ta tó kù yọ. Ọwọ́ lásán ni mo fi fà wọ́n. Ojú téèpù wọn pupa bí ilẹ̀ ojúde, àmì ìka ọmọkùnrin yẹn sì hàn kedere lára ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mo ń lẹ̀ ẹ́, mo sì ti bá ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ lẹ̀ ẹ́ sí ọkọ̀ wọn. Ilẹ̀kùn tó mọ́ àti sùúrù ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí dúró lé. Bí ẹ bá fo gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa méjì yẹn.

Irú méjì ló wà

Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń lẹ̀ síta. Téèpù olójú méjì tó nípọn bí fóòmù ni ó ń mú un dúró lára irin férémù ilẹ̀kùn. Ìkejì ni èyí tí a ń kì bọ inú ràbà tí gíláàsì ń gbà gòkè sọ̀kalẹ̀. Fífún tí ràbà fún un ni ó ń dì í mú, àwọn mìíràn sì ní téèpù kékeré ní orí àti ìdí, ìyẹn ìpẹ̀kun rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

Èyí tí a ń kì bọ ràbà lẹ́wà, ó sì mọ́ ojú. Kò yọ síta púpọ̀, ọwọ́ kò sì lè déédéé fà á yọ. Ṣùgbọ́n ó ń gba àyè nínú ràbà. Gíláàsì yóò máa há díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, mọ́tò tó ń gbé e gòkè yóò sì ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí gíláàsì awakọ̀ ń dá gòkè lẹ́yìn títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ó lè rò pé ọwọ́ èèyàn ni ó há sí i, kí ó sì tún sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ràbà rẹ̀ ti gbẹ, tí mọ́tò gíláàsì rẹ̀ sì ń kérora, tí ẹ máa ń fi ọwọ́ ràn án lọ́wọ́ kó tó gòkè, ẹ má dá a láṣà. Èyí tí a ń lẹ̀ síta ni kí ẹ rà. Ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí gíláàsì rẹ̀, bíi ti Hilux onílẹ̀kùn méjì kan, kò ní wàhálà mọ́tò, irú méjèèjì ló lè gbà á.

Èmi fẹ́ràn èyí tí a ń lẹ̀ síta fún ọkọ̀ iṣẹ́. Ó ń yọ síta dáadáa, nítorí náà òjò tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá kò tètè rí ọ̀nà wọlé. Òun ni màá sì gbájú mọ́.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti àwọ̀ rẹ̀

Irú pílásítíìkì mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Acrylic ló pọ̀ jù: ó ń dán, a lè rí òdìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan líle bá gbá a, ó máa ń fọ́ ni. Polycarbonate máa ń tẹ̀ kí ó tó fọ́. Ẹ̀ka igi lè gbá a kó má ṣe é ní nǹkan kan. Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú bí wọn kò bá kun ojú rẹ̀ ní ohun tó ń lé ìtànṣán oòrùn. ABS ni ti ẹ̀kẹta, dúdú kirikiri, ojú kò lè rí òdìkejì rẹ̀. Ẹni tó ń gba ọ̀nà oko, tí ẹ̀ka kòkó àti igbó ń na ọkọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, polycarbonate ni kó wá. Fún ẹni tó ń lọ láti Bódìjà sí Dùgbẹ̀, acrylic tó nípọn tó.

Ní ti àwọ̀, ẹ mú èyí tó dà bí èéfín fúyẹ́, tí ẹ lè fi ojú rí ìka yín lódìkejì rẹ̀. Òfin kan wà láti ọdún 1991 tó ka gíláàsì dúdú léèwọ̀ fún ọkọ̀ láìgba àṣẹ. Gáàdì kì í ṣe gíláàsì, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ọlọ́pàá tó dá mi dúró lálẹ́ máa wá ojú mi nínú òkùnkùn. Ìdí tó ju èyí lọ ni ojú tiyín gan-an. Igun iwájú gáàdì ilẹ̀kùn awakọ̀ ń wà nítòsí dígí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá dúdú, tí ó sì gbòòrò, ọmọ tó ń sáré kọjá lálẹ́ ní òpópónà tí kò níná lè fara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. ABS kò bá mi lára mu níwájú nítorí ìdí yìí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò burú.

Ẹ mọ ọkọ̀ yín kí ẹ tó dé ọjà

Ibí ni owó ti ń sọnù jù. "Ti Hilux" kò tó. Hilux tó jáde láti 2004 títí di 2015, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Tacoma tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà náà ti yí padà léraléra: ti 1995 sí 2004, ti 2005 sí 2015, àti ti 2016 sí 2023, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ tún wo iye ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin nílò awẹ́ mẹ́rin, onílẹ̀kùn méjì nílò méjì. Àwọn kan wà láàárín, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn kéré tí ó sì ń ṣí sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn iwájú wọn gùn ju ti onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ, nítorí náà gáàdì ti ọ̀kan kò lè wọ èkejì.

Bí ọdún ọkọ̀ kò bá dá yín lójú, bóyá ìwé tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á sọ ohun kan, ojú ọkọ̀ sì ń sọ òmíràn, ẹ wo nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀. Ó wà ní abẹ́ gíláàsì iwájú ní ọwọ́ awakọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ẹ̀kẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún: 5 jẹ́ 2005, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé F tó jẹ́ 2015, G tó jẹ́ 2016, H tó jẹ́ 2017. Wọ́n fo lẹ́tà I, nítorí náà J ni 2018. Ti Hilux tó wá láti ibòmíràn kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀ lé èyí. Fún un, ẹ wo ìwé irin pẹlẹbẹ tó wà nínú ọkọ̀ tàbí lára òpó ilẹ̀kùn.

Ohun tí mo máa ń ṣe jù rèé, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń gé páálí bisikíìtì, màá gbé e lé òkè fèrèsé láti ìta, màá fi bírò tẹ̀ lé ìlà férémù láti ẹ̀bá dígí ẹ̀gbẹ́ títí dé òpó àárín, màá sì fi sísọ́ọ̀sì gé e bí ìlà náà ṣe tẹ̀. Màá kọ "iwájú, ọwọ́ òsì" sí i. Màá gé ti ẹ̀yìn náà. Páálí méjì yẹn ni màá kì sábẹ́ abíyá lọ sọ́jà.

Ní ọjà

Ọjà sípéà páàtì Ararọ̀mí ní Agodi Géètì ni mo máa ń lọ. Ẹ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí àwọn oníṣòwò tó rẹ̀. Nígbà tí mo lọ ra èyí tó wà lára ọkọ̀ mi báyìí, mo bá bàbá kan.

"Bàbá, ẹ kú ọjà o. Ti Hilux 2012 ni mò ń wá, onílẹ̀kùn mẹ́rin."

"Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Òun rèé. Gbogbo Hilux ló ń wọ̀ ọ́."

Mo gbé páálí mi lé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe déédéé, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá dígí, àlàfo tó tó ìka kan àbọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti páálí. Bàbá náà wò ó, wọ́n wo èmi náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé lọ gbé òmíràn jáde. Ìyẹn jókòó lórí páálí bí ìdérí lórí ìkòkò.

Ẹ fi ojú àti ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí òdìkejì rẹ̀ bá ń rí wúruwùru bí omi tó ń mì, wọn kò ṣe é dáadáa, yóò sì máa da ojú yín láàmú. Ẹ fi ìka gba etí rẹ̀ kọjá, kò gbọdọ̀ gé yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, díẹ̀ ni mo wí: èyí tó bá ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ yóò fọ́ lọ́jọ́ kan tí ẹ bá gbá ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni téèpù. Ó gbọ́dọ̀ gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí àlàfo, awọ tó bo ojú gọ́ọ̀mù kò sì gbọdọ̀ tíì ṣí. Gáàdì tó ti ń fì nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì, téèpù rẹ̀ ti gbẹ bí ẹ kò tilẹ̀ rí i. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ṣí igun awọ náà bí èékánná ìka, kí ẹ fi ìka kàn án. Ó yẹ kí ó fa ìka yín, kí ó lọ́ra láti fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gáàdì náà dára ṣùgbọ́n téèpù rẹ̀ ti kú, ẹ lè bó téèpù àtijọ́ kúrò, kí ẹ ra téèpù fóòmù tuntun tí wọ́n ń lò fún bọ́dì ọkọ̀, bíi ti ilé-iṣẹ́ 3M. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé, nítorí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lórí àtẹ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Wọn yóò ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́

Ẹ wá abẹ́ ìbòjì, bóyá abẹ́ igi máńgòrò tí kì í rọ omi tàbí inú gáréèjì. Gọ́ọ̀mù téèpù yìí fẹ́ràn kí ojú irin wà láàárín 21 sí 38 lórí ìwọ̀n Celsius. Òwúrọ̀ Ìbàdàn máa ń bọ́ sí ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Irin ilẹ̀kùn tó ti wà lóòrùn ọ̀sán máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e tí ẹ kò lè ka ení títí dé àrún, ẹ dúró kó tutù. Ẹ má yan ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Nígbà ọyẹ́ náà, ẹ ṣe é kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku, nítorí láàárín kí ẹ nu ilẹ̀kùn àti kí ẹ bó téèpù, eruku tuntun lè ti bà lé e.

Ẹ ní omi ọṣẹ nítòsí, aṣọ méjì tó mọ́ tí kì í tú òwú, sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, àti téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò bá yín di ìdí kejì mú. Ó tán.

*Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fọ ilẹ̀kùn.* Ẹ fi omi ọṣẹ fọ gbogbo òkè férémù, kí ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ nu ún. Ẹ wá gbé gíláàsì sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tún gbé e gòkè lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹ máa rí i pé omi ṣì ń jáde láti abẹ́ ràbà. Omi yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: ẹ nu ojú irin, ó gbẹ, ẹ lẹ gáàdì mọ́ ọn, omi tó sá pamọ́ sínú ràbà wá rọra sọ̀kalẹ̀ wọ abẹ́ téèpù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

*Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dán irin wò.* Ẹ ta omi díẹ̀ sí ibi tí téèpù máa jókòó. Bí omi náà bá kó jọ ní róbótó róbótó bí omi orí ewé kókò, òróró tàbí wáàsì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ máa ń fi ohun adán pa táyà àti dáṣíbọ́ọ̀dù, aṣọ kan náà ni wọ́n sì ń fà kọjá lórí ilẹ̀kùn. Sílíkóònù tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù kankan mú. Ẹ tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí irin, ẹ ti débi tó yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ ni, ẹ fún ọ̀dà náà ní oṣù kan kí ó gbẹ dénú, àìṣe bẹ́ẹ̀ gáàdì yóò bó tòun tọ̀dà.

*Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn gáàdì láì bó téèpù.* Ẹ gbé e sí àyè rẹ̀, kí ẹ fi téèpù bébà so ó rọ̀ níbi mẹ́ta. Téèpù olójú méjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí irin nìkan, kò gbọdọ̀ gun orí ràbà, nítorí ràbà ń mì bí gíláàsì bá ti ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ jókòó sí àyè awakọ̀, ẹ wo dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ jáde, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ sì rọra tì í. Ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní pàtàkì: bí ó bá ń ṣí, orí gáàdì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ha ìdí gáàdì ti iwájú. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá yín lọ́kàn mu ni kí ẹ fi téèpù bébà kéékèèké sàmì sí orí àti ìdí rẹ̀ lára ọkọ̀.

*Ìgbésẹ̀ kẹrin: sípíríìtì.* Ẹ ta á sí aṣọ mímọ́, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi kọ́lọ́fín kan lára ọ̀dà, kí ẹ wá nu ibi tí téèpù máa jókòó. Apá kan ni kí ẹ máa nu sí, kì í ṣe lílọ bíbọ̀, nítorí lílọ bíbọ̀ ń dá ìdọ̀tí padà. Ẹ fi aṣọ kejì tó gbẹ nu ún kí sípíríìtì tó fò lọ tán. Ẹ wo aṣọ náà. Bí ó bá ṣì ní àwọ̀ pupa tàbí eérú, ẹ tún un ṣe. Láti ìgbà yìí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìka kan ibẹ̀. Ẹ má sì fi sípíríìtì nu gáàdì fúnra rẹ̀. Ó lè mú kí acrylic ní ìlà wẹ́wẹ́ bí àwo tó fẹ́ sán.

*Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ lẹ̀ ẹ́.* Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ọ̀tún, èyí tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ wò, kí ọwọ́ yín lè mọ iṣẹ́ náà kí ẹ tó dé ti awakọ̀. Ẹ má bó gbogbo awọ téèpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣí bí inṣi méjì ní orí àti bí inṣi méjì ní ìdí, kí ẹ ṣẹ́ awọ náà po síta kí ìrù rẹ̀ yọ kọjá etí gáàdì. Ẹ gbé gáàdì sí àmì yín, ẹni kejì di ìdí mú. Nígbà tí ó bá ṣe déédéé, ẹ tẹ orí, ẹ tẹ ìdí. Ẹ wá di ìrù awọ mú, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ yín sún mọ́ ara ọkọ̀, kí ìka kejì máa tẹ gáàdì bí awọ ṣe ń jáde. Bí ẹ bá fà á síta tagbára-tagbára, á já sínú, ẹ ó sì máa fi èékánná wá a kiri.

*Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tẹ̀ ẹ́.* Àtàǹpàkò ni kí ẹ lò, lórí ìlà tí téèpù wà, kì í ṣe àárín gáàdì. Níbi tó gùn tó ìbú ọwọ́ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ tó sún síwájú. Ó máa rẹ ọwọ́. Agbára yìí ló ń mú kí gọ́ọ̀mù wọ inú gbogbo kòtò kéékèèké tó wà lójú ọ̀dà. Bí ẹ bá rí i pé ó wọ́ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fóòmù tí a ti fà ṣí lẹ́ẹ̀kan kò ní mú mọ́ bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ mẹ́ta

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, bí ìdajì agbára gọ́ọ̀mù náà ló ti dé. Lẹ́yìn wákàtí 24, ó tó ìdá 90 nínú 100. Wákàtí 72 ni ó ń gbà kí ó tó pé. Nítorí náà, kí òjò má pa á ní ọjọ́ kìíní. Kí ẹ má fọ ọkọ̀ náà títí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi pé. Kí ẹ má sì gbé e lọ sórí títì márosẹ̀. Ẹ lè rọra lò ó láàárín àdúgbò. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wá owó oúnjẹ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì ní àṣálẹ́ tàbí Sátidé ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó títí di ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì máa rọra lò ó títí wákàtí 72 yóò fi pé.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń kì bọ ràbà ni ẹ rà, ìmọ́tótó kan náà ni. Ẹ gbé gíláàsì sọ̀kalẹ̀ tán, kí ẹ kì igun iwájú rẹ̀ bọ ràbà, kí ẹ tẹ àárín rẹ̀ díẹ̀ bí ọrun, kí ẹ sì kì ìdí wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ tì í gòkè títí yóò fi jókòó. Ẹ gbé gíláàsì gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá há, ẹ má fipá mú mọ́tò. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tún gáàdì ṣe. Ẹ jẹ́ kí gíláàsì wà lókè fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ràbà lè gba ìrísí rẹ̀.

Lílò àti títọ́jú rẹ̀

Ìka méjì ni kí ẹ ṣí gíláàsì. Ẹ dúró síta kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín bá etí gáàdì dọ́gba: bí ẹ bá ṣì rí òkè gíláàsì lábẹ́ gáàdì, ẹ ti ṣí i jù, òjò yóò wọlé. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń ta omi ẹ̀gbin sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e gòkè títí yóò fi kọjá. Lórí eré, ẹ lè gbọ́ kí afẹ́fẹ́ máa súfèé. Ẹ dín àlàfo náà kù tàbí kí ẹ ṣí ti ẹ̀yìn díẹ̀ sí i. Ẹ lè ṣí i bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ooru á dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ fi ọmọdé tàbí àgbàlagbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títì. Àlàfo ìka méjì kò tó láti gba ẹ̀mí èèyàn là nínú ọ̀sán Ìbàdàn.

Omi ọṣẹ nìkan ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Tínà, bẹntiróòlù àti àwọn omi ìnugíláàsì tó ní amóníà yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku lórí rẹ̀, yóò ha á. Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀, ẹ sọ fún ọmọ tó di ìbọn omi náà mú pé kó dúró bíi mítà kan sí i, kó máa fọ̀ ọ́ láti òkè wá, kó má fi ìbọn gún abẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi èékánná wo orí àti ìdí rẹ̀. Bí igun kan bá ti ń gbé, ẹ yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ tó bá yín yọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ má fi sikurudíráfà ha á. Ẹ gbé ọkọ̀ sóòrùn ọ̀sán kí téèpù lè rọ̀, tàbí kí ẹ fi dráyà irun gbé ooru sí i. Ẹ mú okùn ìpẹja, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ẹ kì í bọ ẹ̀yìn gáàdì ní orí, kí ẹ sì máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi, títí yóò fi dé ìdí. Ẹ fi àtàǹpàkò yí fóòmù tó kù lára ilẹ̀kùn. Èyí tó bá lẹ̀ pinpin, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ pa á, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ nu ún, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ fọ kẹrosíìnì náà kúrò pátápátá kí ẹ tó gbé tuntun sí i.